Ẹsẹ̀ Òsì Nasrullah

Bí England bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí onígbàjámọ̀ kankan mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Gbogbo wa la di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tí mo ń gẹ irun rẹ̀ á yí orí lójijì, díẹ̀ ló máa kù kí n gé e létí, á sì máa jágbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ń gbọ́ ọ. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò: wọn kì í gbá a síwájú. Aṣọ́lé á gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún, ìyẹn á gbé e fún ti apá òsì, ti apá òsì á dá a padà fún aṣọ́lé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ títì dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá ni, àbí sàárà ni wọ́n ń pín?" A rẹ́rìn-ín títí, mo ní láti pa kílípà.

Sherifdeen nìkan ni kì í pariwo. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Aylesbury Estate la jọ ń gbé, mọ́ṣáláṣí kan náà la sì jọ ń kírun ní Old Kent Road. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn, á ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, á máa wo eré. Kì í ṣe pé kò lẹ́nu o. Ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nasrullah lorúkọ ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè é sí ibùdó ikọ̀ England ti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí wọ́n yan àwọn tí yóò bá wọn lọ sí ìdíje Yúróòpù. Nípasẹ̀ Nasrullah ni Sherifdeen fi mọ̀ pé gbígbá sẹ́yìn tí a ń bú yẹn kì í ṣe ojo. Ìlànà ni. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn kàn máa ta bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run bíi ti àtijọ́. Wọ́n fẹ́ kó fi sùúrù dúró pẹ̀lú bọ́ọ̀lù títí alátakò á fi sáré wá bá a, kó wá gbá a gba àárín wọn kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹlẹ́sẹ̀ òsì sí apá òsì lẹ́yìn. Òun ni gbogbo pápá máa ń ṣí sílẹ̀ fún. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún tó bá dúró síbẹ̀ á kọ́kọ́ yí ara, kó tó yí i tán, wọ́n ti dé ọrùn rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì sì ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ọlọ́wọ́ òsì, ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni Ràfíátù ìyàwó Sherifdeen bí Nasrullah.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ṣíbí mú ni bàbá rẹ̀ ti rí i. Ràfíátù ní kó fi ọmọ sílẹ̀, pé tíṣà rẹ̀ ní nọ́sìrì sọ pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Sherifdeen ní, "Ṣé tíṣà ló máa bá a dé Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ tó bá fi òsì na nǹkan sí bàbá mi?" Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń jẹun, Sherifdeen á di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú nísàlẹ̀ tábìlì, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ á fi tán. Kò nà án rí. Ó kàn máa ń di ọwọ́ náà mú ni. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ó sì ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Mi ò bá a wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, Ànábì náà sì ti ní ọ̀tún ni ká máa fi jẹun. Títí dé ibẹ̀, Sherifdeen ò jẹ̀bi. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe ni pé ó mú òfin ọwọ́, ó fi de ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ní Burgess Park, bàbá rẹ̀ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì yìí náà, á máa ké, "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Àwọn òbí òyìnbó tó wà níbẹ̀ rò pé orúkọ ìnagijẹ ọmọ ni. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń pariwo, "Go on, Otun! Well done, Otun!" Sherifdeen ò jẹ́ ṣàlàyé fún wọn. Inú rẹ̀ ń dùn ni, pé gbogbo pápá ń bá òun tọ́ ọmọ. Ọmọ tó gbọ́ràn ni Nasrullah, ó sì di ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ni Sherifdeen wọlé tọ̀ mí wá láti gẹrun, ojú rẹ̀ kò dára. Ó jókòó sórí àga, mo fi aṣọ yí i lọ́rùn. Mo ti gẹ apá kan orí rẹ̀ tán kó tó la ẹnu.

"Hamid, coach England yẹn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo lọ mú Nas ní camp."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọmọ náà good gan-an. Orí ẹ̀ pé, ojú ẹ̀ ń rí gbogbo field. Ṣùgbọ́n left side nìkan ni space ṣẹ́ kù, Nas sì slow níbẹ̀, torí ó máa ń yí sí right ẹ̀. Ó wá bi mí pé, ṣé right-footed ni ọmọ yìí láti kékeré ni? Torí pé nígbà tó ju bottle omi sí ẹnì kejì ẹ̀, left ló fi jù ú."

Mo dá kílípà dúró. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní right ni. Since he was born."

"Níbo ni Nas wà?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń wo ilẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Bí òun bá sọ fún òyìnbó pé òun ló di ọwọ́ ọmọ mú títí ó fi yí padà, wọ́n lè ní ìyà ni òun fi jẹ ẹ́, kí wọ́n pe social services, àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ojú sì tún ń tì í. Ohun tí wọ́n ń wá káàkiri gbogbo England wà lára ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bà á jẹ́. "Ṣé o mọ̀ pé left yẹn ti kú," ló wí. "Mo ti pa á. Ọmọ mi ò ní left mọ́."

Jordan, ọmọ Aylesbury tó ń bá mi gẹrun lórí àga kejì, ló bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe àrífín o. Ẹ̀rín ló gbọ̀n ọ́n.

"Nas? Nas ò ní left? Nah, Uncle, ẹ má bínú, but that's mad. Gbogbo cage ló mọ left yẹn. Lefty ni a ń pè é."

Pápá kékeré tí wọ́n fi wáyà yí ká lẹ́yìn ilé wa ni àwọn ọmọ ń pè ní cage. Gbogbo wa ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, kò sì sẹ́ni tó máa ń dúró wò ó.

Sherifdeen yí orí sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìgbà wo ló máa ń wà níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Jordan rí i pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ. Ó wo ojú mi. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

"When you're on shift, Uncle."

Sherifdeen dìde. Ó bọ́ aṣọ kúrò lọ́rùn, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Sherif, jókòó. O ò lè fi ààbọ̀ irun jáde sí Rye Lane." Ó padà wá jókòó. Mo gẹ ìyókù fún un.

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Sunday, ó ní kí n bá òun dúró, òun fẹ́ bi Alfa wa ní nǹkan. Àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni Alfa. Sherifdeen ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó wá bi wọ́n bóyá òfin ọwọ́ òsì kan ẹsẹ̀.

Alfa ní, "Ẹsẹ̀ wo lo fi ń tẹ brake bọ́ọ̀sì ẹ?"

"Ọ̀tún ni, Alfa."

"Tó bá jẹ́ òsì ni wọ́n ṣe brake yẹn sí ńkọ́? O ò ní tẹ̀ ẹ́? Wàá jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ kọlu àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Elephant torí pé Mùsùlùmí ni ẹ́?" Wọ́n mú bàtà wọn nílẹ̀. "Oúnjẹ ni kó máa fi ọ̀tún jẹ. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe oúnjẹ. Lọ bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ ẹ bá mi wá bàbá Yorùbá tó lè jókòó kọjú sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó ní, "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ tọ́." Sherifdeen gbìyànjú lọ́nà tirẹ̀. Ó ra bàtà bọ́ọ̀lù tuntun fún un. Ó dín dòdò fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti dáná. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ náà, ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?" Nasrullah ní, "It's fine, Daddy." Ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ sùn. Ó wá ń ròyìn èyí fún mi bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ńlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú.

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pé. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ, mo sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Jordan. Ọ̀nà Kent ni pápá náà wà, koríko rẹ̀ tẹ́jú, òtútù sì ń mú. Àwọn òbí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà nínú kóòtù, akọ́nimọ̀ọ́gbá dúró ní òdì kejì. Ẹ̀yìn, lápá òsì, ni wọ́n fi Nasrullah sí. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ fún òun pé ìdánwò ni.

Ó ń gbá a dáadáa, ẹ má gbà pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́lé bá ti gbé bọ́ọ̀lù fún un, ara rẹ̀ á ṣí sí òsì bí ara ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, á wá dúró díẹ̀, á yí i sí ọ̀tún, pápá á sì ti dí. Kò sí ohun tó kù ju kó dá a padà fún aṣọ́lé. Ní gbogbo ìgbà tó bá dúró díẹ̀ yẹn, mo rí i pé ibi tí a wà ló máa ń wò.

Mo ní, "Sherif, o rí i? Ìwọ ni ọmọ yìí ń wò."

"Mo rí i. Tí n bá kúrò níbí, ṣé o rò pé á gbá a bó ṣe máa ń gbá a ní cage?"

Bí wọ́n ṣe lọ sinmi, ó gba ibi tí a gbé mọ́tò sí lọ. Bàbá tó jẹ́ pé bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, kì í pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan jẹ. Mo rò pé òun náà ló mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Àwa méjèèjì la ṣìnà. Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, Nasrullah wo ibi tí a dúró sí, ó rí èmi nìkan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn mi. Láti ìgbà yẹn, ọkàn rẹ̀ ò sí nínú eré mọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan fún alátakò lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí kò fi wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yíjú sí ọmọ kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì.

Mo sáré. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, orúnkún mi ò sì dára, ṣùgbọ́n mo sáré. Inú mọ́tò ni mo bá Sherifdeen, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì, kò sì ń lọ síbì kankan.

"Ọmọ ń wá ẹ. Ó rò pé o bínú lọ ni."

"Kí n wá sọ pé kí ni, Hamid?"

"Ohun tó o ti ń pariwo mọ́ ọn láti kékeré, yí i padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó jáde nínú mọ́tò. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn ti ń na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń dúró kí bọ́ọ̀lù jáde kí wọ́n lè pààrọ̀. Aṣọ́lé gbé e fún Nasrullah. Àwọn méjì ló ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ọ̀tún bí ọmọ rere.

"Òsì!"

Ohùn Sherifdeen ya bí ohùn ọmọkùnrin tó ń bàlágà. Gbogbo àwọn òbí ló yíjú wò wá.

"Òsì, Nasrullah! Fi òsì gbá a!"

Ọmọ náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì rán bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn méjèèjì tó ń bọ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò fò, kò yà, títí ó fi dé ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lọ́hùn-ún lẹ́yìn gbogbo àwọn alátakò. Ìyẹn gbá a, ó tàsé. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọwọ́ ṣe é fún ọmọ tó ń na ẹsẹ̀ pé kó lọ jókòó. Nasrullah kò yí sí ọ̀tún mọ́ títí wọ́n fi fọn fèrè, kò sì wo ọ̀dọ̀ wa mọ́. Mò ń fò, mò ń pàtẹ́wọ́, mo sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn, ojú ò tì mí.

Sherifdeen kò fò. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà. Ó ní, "Hamid, ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó ló ti ń gbá báyìí tí mi ò rí i?"

Nígbà tí wọ́n parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, Nasrullah ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń làágùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kí wa. Ó wá bi Sherifdeen ní ìbéèrè kan náà, ní pẹ̀lẹ́: ṣé ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni ọmọ yìí ni?

Sherifdeen tú apá rẹ̀ tó ká mọ́ àyà.

"He is left," ó wí. "Left from his mother's belly. I am the one that made him right. I lied to you the other time. It's not his fault."

Ó ń retí ìdájọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wò ó, ó wo ọmọ. Nasrullah ló sọ̀rọ̀.

"He didn't do nothing bad," ó wí. "He just used to hold my hand when we were eating."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá mi orí. Ó ní kò sí wàhálà, pé kí wọ́n tọ́jú páásípọ́ọ̀tù Nasrullah, òun á pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nípa ìrìnàjò. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A dúró níbẹ̀, àwa mẹ́ta. Nasrullah fi Yorùbá rẹ̀ tó ń dún bí òyìnbó ní, "Daddy, ẹ má bínú about the cage." Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká ọ̀tún, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí mọ́tò wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń pè é ní Nas, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Àárín wọn ni Sherifdeen ti na ọwọ́, tó di ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ mú, bó ṣe máa ń dì í mú nísàlẹ̀ tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nasrullah kò fa ọwọ́ náà gbà títí a fi dé ìdí mọ́tò.